Òjé Inú Tìróò: Ohun Ìtọ́jú Ara Wa, Ìtàn Rẹ̀ àti Ìkìlọ̀ Ìká Òfún

  

Láti bí oṣù mélòó kan, ìbéèrè kan ni ó ń tọ̀ mí wá lemọ́lemọ́: "Baba, èwo ni ó dára jù nínú ohun ìwẹ̀ àti ìpara, ti ìbílẹ̀ ni tàbí ti òyìnbó?" Mo mọ ìdáhùn tí àwọn tí ń béèrè ń retí. Wọ́n fẹ́ kí n sọ pé ti ìbílẹ̀ ni, kí ọ̀rọ̀ sì parí. Ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ǹ bá ti dáhùn. Lónìí, ìtàn ni mo fẹ́ fi dáhùn, nítorí ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi tí ó mú mi tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Gbèsè àlàyé sì wà lọ́rùn mi.

Ohun tí mo kọ́ lẹ́sẹ̀ olúwo mi

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí baba mi fà mí lé olúwo mi lọ́wọ́, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Òndó. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo lò níbẹ̀. Kí ọ̀pẹ̀lẹ̀ tó kan ọwọ́ mi, igi àti ewé ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Olúwo mi á ní kí n lọ wá osùn. Bí mo bá gbé ìrosùn dé, á rẹ́rìn-ín, á sì dá mi padà sínú igbó. Igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Osùn ni èyí tí a ń lọ̀ lórí ọlọ, tí pupa rẹ̀ ń dán lára abiyamọ àti lára ìyàwó titun. Ìrosùn ni èyí tí a ti ń rí ìyẹ̀rosùn tí a fi ń tẹ Ifá lórí ọpọ́n. Orúkọ wọn jọra, iṣẹ́ wọn kò jọra. Bákan náà ni Odù Ọ̀ṣẹ́ kì í ṣe ọṣẹ tí a fi ń wẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí kò fetí sí ohùn a máa pe ọ̀kan fún èkejì.

Lẹ́yìn orúkọ ni èèwọ̀. Àdín tí a ń rí láti inú èkùrọ́ dára fún awọ ara àti irun, ṣùgbọ́n a kì í jẹ́ kí ó kan Èṣù. Òrí tí ó ń ti ilẹ̀ ọ̀dàn wá, ní apá Ṣakí àti Kíṣí, jẹ́ ti Ọbàtálá, ẹni tí epo pupa jẹ́ èèwọ̀ fún. Ẹfun pẹ̀lú, ti Ọbàtálá ni. Ẹ̀gbà òjé tí ẹ ń rí lọ́wọ́ àwọn olórìṣà funfun, ti Ọbàtálá náà ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi òjé yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sórí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí dì mú nínú èèwọ̀ ni èyí: ohun tí ó jẹ́ ire ní ibì kan lè jẹ́ ibi ní ibòmíràn. Mo kọ́ ọ, mo sì rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán.

Ọṣẹ dúdú

Ọṣẹ ni ìyá mi ń sè. Èèpo kòkó, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti ìdì ẹyìn tí ó ti gbẹ ni a ń sun di eérú. A ó kó eérú náà sínú ìkòkò tí a dá ihò sí nídìí, a ó da omi lé e, omi náà á sì máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú ìkòkò tí ó wà nísàlẹ̀. Omi eérú tí ó bá kán ni a ó gbé ka iná títí yóò fi ki. Lẹ́yìn èyí ni a ó máa bù ú sínú àdín gbígbóná, tí a ó máa rò ó láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀.

Ìyá mi kò ní òṣùwọ̀n kankan. Á fi orí ìka kan ọṣẹ náà, á fi ìka náà kan ahọ́n. Bí ó bá ta á, á tún bu àdín sí i, á sì dá a padà sórí iná. Bí kò bá ta á mọ́, á ní kí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kò sì ní tà á lọ́jọ́ náà. Ọṣẹ gbọ́dọ̀ sùn kí ó tó jáde nílé.

Ohun tí ó wà nínú omi eérú yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní pọ́táàṣì. Bí pọ́táàṣì bá pàdé epo lórí iná, epo kì í ṣe epo mọ́, eérú kì í ṣe eérú mọ́. Wọ́n á di ọṣẹ, pẹ̀lú omi dídùn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ glycerine, èyí tí ń jẹ́ kí awọ ara tutù. Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ ará Faransé, tẹ ìwé jáde ní 1823 láti fi ṣàlàyé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rá nígbà tí ó bá ń di ọṣẹ. Àwọn ìyá wa kò ka ìwé náà, ṣùgbọ́n ahọ́n wọn mọ ibi tí pọ́táàṣì ti pọ̀ jù. Pọ́táàṣì ni ó ń mú kí ọṣẹ tiwa rọ̀. Sódà ni ó ń mú kí ti òyìnbó le. Èyíkéyìí nínú wọn tí ó bá ṣẹ́kù láìrí epo bá dàpọ̀, awọ ẹni tí ń wẹ̀ ni yóò bá jà.

Èyí kì í ṣe ìtàn àtijọ́ nìkan. Mo ti rí ọṣẹ lọ́jà tí wọ́n fi kọ́sítíìkì sódà sè kíákíá, tí wọ́n sì fi àwọ̀ dúdú kùn kí ó lè jọ ti ìyá mi. Mo ra irú rẹ̀ rí láìmọ̀, mo gún ewé mọ́ ọn, mo fún obìnrin kan. Ní ọjọ́ kẹta, àyà rẹ̀ ti bó. Ewé ni mo kọ́kọ́ fura sí. Nígbà tí mo fi ahọ́n kan ọṣẹ náà bí ìyá mi ti máa ń ṣe, ó ta mí bí iná. Ohun tí ó yẹ kí n ṣe kí n tó fún un ni mo ń ṣe lẹ́yìn tí ara rẹ̀ ti bó.

Epo wa rìnrìn àjò

Ní 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, epo pupa gba ipò ènìyàn nínú ọkọ̀ òkun. Láti etíkun wa ni ó ti ń lọ sí Liverpool, níbi tí wọ́n ti ń fi í ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là. Nicolas Leblanc, ará Faransé, ti fi ọ̀nà hàn ní 1791 láti yọ sódà lára iyọ̀, nítorí náà àwọn ilé iṣẹ́ kò nílò eérú mọ́. Epo nìkan ni wọ́n ń wá. Ní 1851 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ogun kọlu Èkó, ní 1861 wọ́n gbà á pátápátá, òwò epo sì wà lára ohun tí ó fà wọ́n. Nígbà tí ó yá, èkùrọ́ wa náà ń gba Èkó lọ sí Hamburg ní Jámánì. Ní 1923, ilé iṣẹ́ Lever dé sí Èkó, wọ́n sì ń ṣe ọṣẹ ní Àpápá.

N kò sọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni. Ọṣẹ líle tí ó mọ́ tí kò sì wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ ilé láǹfààní. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni ohun tí ó sọnù lójú ọ̀nà. Ní abúlé wa, ojú ìyá mi ni lébẹ́ẹ̀lì ọṣẹ rẹ̀. Bí ó bá ta ọ́ lára, o mọ ẹnu ọ̀nà tí o máa kàn. Nígbà tí ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ti òkè òkun bọ̀, bébà ni ó rọ́pò ojú. Bébà kì í tijú.

Ìpara tí ń bó ara

Ní 1939, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn òṣìṣẹ́ kan ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe awọ ẹran. Ọwọ́ wọn ń di funfun ní ibi tí ìbọ̀wọ́ rọ́bà ti kàn wọ́n. Ìbátan hydroquinone ni ó wà nínú rọ́bà náà, tí ó ń ba àwọ̀ ara wọn jẹ́. Ohun tí ó jẹ́ jàǹbá fún àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí di ọjà fún àwọn mìíràn, hydroquinone sì wọ inú ìpara. Ní 1975, dókítà awọ ara kan ní Gúúsù Áfíríkà, G. H. Findlay, ṣàpèjúwe ohun tí ó ń ṣe fún àwọn tí ó ti lò ó pẹ́: ojú tí wọ́n fẹ́ kí ó pọ́n ń dúdú ní àbàwọ́n tí kò ṣeé fọ̀. Ní 1990, orílẹ̀-èdè náà fi òfin lé hydroquinone kúrò nínú ohun ìṣaralóge.

Mákúrì ti wà nínú ìpara àti ọṣẹ ṣáájú èyí. Ó ń dí ara lọ́wọ́ láti ṣe melanin, èyí tí í ṣe dúdú ara wa, tí ó sì ń gbà wá lọ́wọ́ oòrùn. Ṣùgbọ́n kò dúró sí awọ, ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí kíndìnrín. Ní 1972, àwọn dókítà ní Nairobi kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn kíndìnrín tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin tí ń lo ìpara oní-mákúrì. Ní 1976, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi òfin dín mákúrì kù gidigidi nínú ohun ìṣaralóge tiwọn. Síbẹ̀, ọṣẹ oní-mákúrì ṣì ń ti ọ̀dọ̀ wọn jáde wá sí Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ohun tí wọn kò jẹ́ kí ọmọ wọn fi wẹ̀, wọ́n ń tà á fún wa. Ní 2013 ni àwọn orílẹ̀-èdè ayé ṣe àdéhùn Minamata, tí a fi orúkọ ìlú kan ní Japan pè, nítorí mákúrì ti pa ènìyàn púpọ̀ níbẹ̀. Àdéhùn náà ní kí ìpara tí mákúrì inú rẹ̀ bá ju ìwọ̀n kan nínú mílíọ̀nù lọ kúrò lọ́jà ní 2020.

Lọ́dọ̀ wa, òfin dá NAFDAC sílẹ̀ ní 1993. Ṣùgbọ́n ìpara tí wọ́n ń pò nínú ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kì í gba ọ̀dọ̀ NAFDAC kọjá. Nínú wọn ni oògùn clobetasol máa ń wà, èyí tí dókítà ń kọ fún àìsàn awọ ara fún ìwọ̀nba ọjọ́. Ẹni tí ó bá ń fi pa ara lójoojúmọ́, awọ rẹ̀ á fẹ́lẹ́, ọgbẹ́ rẹ̀ kò sì ní tètè san.

Ó wù mí kí ìtàn yìí parí síbí, kí a dá òyìnbó lẹ́bi, kí a dá ìbílẹ̀ láre. Kò parí síbí.

Ìbéèrè tí ọmọ mi bi mí

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ọmọ awo mi kan tí ń gbé ní London bímọ. Ó ní kí n di ohun ìkómọ ránṣẹ́. Mo di orógbó, ataare, òrí àti osùn, mo sì fi ìgò tìróò kékeré kan sí i, èyí tí mo lọ̀ fúnra mi. Ọmọ mi obìnrin, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ni ó fẹ́ bá mi fi ẹrù náà ránṣẹ́. Ó gbé ìgò náà sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi, kí ni wọ́n fi ń ṣe tìróò yìí?"

Mo ní òkúta ni.

"Òkúta wo?"

Mo ní òkúta tìróò.

Ó dákẹ́. Èmi náà gbọ́ bí ìdáhùn mi ti rí. Èmi tí olúwo mi dá padà sínú igbó nítorí osùn àti ìrosùn, mo ti ń fi nǹkan sójú ọmọ ọwọ́ láti ogójì ọdún láìmọ ohun tí ó jẹ́.

Òun ni ó sọ fún mi. Òkúta dúdú dídán náà, òjé àti imí-ọjọ́ ni. Bí kò bá ní àbùlà, òjé inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan wò, ọmọ tí ó jẹ́ ìran Nàìjíríà. Wọ́n bá òjé nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wádìí, tìróò tí wọ́n ń lé sí ìpéǹpéjú rẹ̀ ni. Wọ́n wọn òjé inú tìróò náà: ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọmọ ọwọ́ á fi ọwọ́ ra ojú, á fi ọwọ́ kan náà sẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni òjé ṣe ń wọlé. Ọpọlọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà ni ó ń bá jà: ó ń dín agbára ẹ̀kọ́ kù, ó sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ gbẹ lára. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ tí kò léwu fún ọmọdé. Ní Zamfara ní 2010, eruku òjé tí ó ń jáde láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà pa ọmọ tí ó ju irínwó lọ. Òjé kan náà ni.

Inú bí mi lákọ̀ọ́kọ́. Mo ní àwọn baba wa lò ó, wọ́n sì dàgbà. Ọmọ mi fi ohùn pẹ̀lẹ́ dáhùn pé àwọn tí kò dàgbà kò sí níbí láti jẹ́rìí. N kò rí èsì fọ̀. Kì í ṣe àwa nìkan ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ lé òkúta kan náà sójú, àwọn obìnrin ọlọ́lá ní Yúróòpù sì fi òjé funfun pa ojú fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tí a jọ ṣe kò dín ohun tí ó wà nínú ìgò mi kù.

Mo yọ ìgò náà kúrò nínú ẹrù. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó, mo kọ orúkọ àwọn ọmọ tí mo rántí pé ọwọ́ mi lé tìróò fún. Mẹ́tàlélógún ni mo rántí. Àwọn tí mo gbàgbé ń kọ́?

Mo lọ sí ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ara ọmọ le. Ìyá kan pe ọmọ rẹ̀ jáde, ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ìwé kíkà ṣòro fún. Ó ní, "Baba, ṣé tìróò yẹn ni?" Mo sọ fún un pé n kò lè sọ pé òun ni, n kò sì lè sọ pé òun kọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kí a jọ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò. A jọ lọ. Òjé tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò pọ̀. Dókítà ṣàlàyé fún wa pé ẹ̀jẹ̀ òní kò lè sọ ti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Mo ṣì ń gbé ìbéèrè obìnrin náà kiri.

Ìká Òfún

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé àwa awo, àgbà kan dìde. Ó ní mo ti ń ta àṣà wa fún òyìnbó. Ìká Òfún ni mo fi dá a lóhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka àlàyé wa níbí mọ ìtàn náà. Àwọn àgbààgbà mẹ́rìndínlógún ń lọ sí Ilé-Ifẹ̀ láti béèrè bóyá wọn yóò gbó, wọn yóò tọ́. Ifá kìlọ̀ fún wọn. Ó ní kí wọ́n má fi orúkọ ohun kan pe ohun mìíràn. Ó ní kí wọ́n má ṣe bí ẹni tí ó mọ̀ nígbà tí wọn kò mọ̀. Wọn kò pa ìkìlọ̀ náà mọ́. Nígbà tí ikú bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn, wọ́n ní Ọ̀rúnmìlà ni ó ń pa wọ́n, Ọ̀rúnmìlà sì ní òun kọ́.

Ẹ wo ibi tí ìkìlọ̀ náà bá. Ẹni tí ó fi kọ́sítíìkì sódà sè tí ó pè é ní ọṣẹ dúdú, ó fi orúkọ ohun kan pe òmíràn. Ẹni tí ó po mákúrì tí ó kọ "ìpara ẹwà" sára rẹ̀, ó ṣe bákan náà. Èmi tí mo pe òjé ní ohun tí ń mú ojú ọmọ dán, ọ̀nà wo ni mo fi sàn jù wọ́n lọ? Olúwo mi kò purọ́ fún mi, ohun tí ó mọ̀ ni ó fi lé mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀, bí mo bá tún lé e sójú ọmọ, èmi ni mo rú òfin. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ọmọ mi ni ó fi ọgbọ́n tirẹ̀ yá mi.

Òjé kò di ohun ìkórìíra nítorí èyí. Ẹ̀gbà òjé ṣì jẹ́ ti Ọbàtálá, ṣùgbọ́n mo máa ń sọ fún àwọn ìyá kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọ fi í sẹ́nu. Èèwọ̀ ti kọ́ wa tipẹ́ pé ibi tí ohun kan wà ni ó ń sọ bóyá ire ni tàbí ibi.

Ohun tí mo ń sọ fún àwọn tí ń tọ̀ mí wá

Ẹ má lé tìróò sójú ọmọ mọ́. Bí ẹ bá ti lé e rí, ẹ sọ fún dókítà, kí ẹ ní kí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò fún òjé.

Bí ẹ bá ra ọṣẹ dúdú, ẹ bi ẹni tí ó sè é ní ohun tí ó fi sè é. Ẹ fi díẹ̀ kan inú apá, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Bí ó bá ta yín tàbí tí ibẹ̀ pọ́n, ẹ má fi wẹ̀.

Bí ẹ bá ra ìpara, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Bí ẹ bá rí mercury, calomel, hydroquinone tàbí clobetasol, ẹ dá a padà. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ kankan tàbí nọ́ńbà NAFDAC, ẹ má rà á. Ẹni tí ó ti ń lo clobetasol pẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Kí ó lọ rí dókítà.

Òrí, àdín àti osùn tí a lọ̀ lójú wa ṣì wà nínú ilé mi, mo sì ń lò wọ́n. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí a bá rí i pé ó wọ́, tí a sì dákẹ́ nítorí àṣà, irú àgbà wo ni wá?

Wọ́n sọ ọmọ ti London lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, láìsí tìróò. Wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ojú rẹ̀ ń dán.